Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí òfin ilé tuntun láàárín àwọn ilé àtijọ́

Sí ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́,

Àwa ẹgbẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà la kọ ìwé yìí o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A ò ní kẹ́ ẹ fagi lé òfin yẹn, àwa náà la kúkú ń tún àwọn ilé àtijọ́ yẹn ṣe.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń dà wá láàmú: "kí ilé tuntun bá àdúgbò mu." Lójú ta ni? A ti to fèrèsé ilé kan tán kí ọ̀fíísà yín tó dé, ó ní ó fẹ̀ jù, pé fèrèsé àwọn ilé tó kù ga tó ìlọ́po méjì bí wọ́n ṣe fẹ̀, a yíjú wo òdìkejì, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí pílánù níjọ́sí ò sọ nǹkan kan. A fọ́ líńtẹ̀lì orí fèrèsé, a yọ férémù, onílé wá yọ owó ẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní mítà: ibi tí etí òrùlé máa ga dé, bí òrùlé ṣe máa dà gẹ̀rẹ́ tó, ibi tí ògiri iwájú máa dúró sí kó lè tò pẹ̀lú ti aládùúgbò, ìwọ̀n fèrèsé. Ẹ yàwòrán ẹ̀, ẹ má kàn kọ ọ́.

Ẹ má sì fipá mú wa ṣe ayédèrú àtijọ́, òpó tí ò gbé nǹkan kan dúró, bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Àdéhùn Venice ti 1964 lórí títún ilé àtijọ́ ṣe gan-an ní kí àfikún tó bá pọndandan yàtọ̀, kó jọ ti ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Ibi tí ògiri tuntun bá ti kan ti àtijọ́, ẹ jẹ́ ká lo láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n fi ń mọlé, dípò símẹ́ǹtì. Símẹ́ǹtì le ju bíríkì àtijọ́ lọ, omi tó bá ti wọ ògiri á máa wá ọ̀nà jáde lára bíríkì fúnra ẹ̀, kò ní pẹ́ tójú ẹ̀ á máa ṣí bí èèpo.

Kí ọ̀fíísà wá wolẹ̀ pẹ̀lú wa ká tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kó fọwọ́ sí bébà kan tó máa wà ní sáìtì, ẹni yòówù tó bá wá lẹ́yìn ẹ̀, bébà yẹn ni kó kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá pè wá sípàdé a máa wá, àfi kó má ṣe bọ́ sí ọjọ́ tá a fẹ́ da kọnkéré.

Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́