Ìrora Lọ, Àìsàn Ò Lọ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa egbòogi eyín, inú mi dùn torí orín àta lèmi ń run láti kékeré. Ọwọ́ mállàm kan tó ń ta asuwaki, bí Hausa ṣe ń pe orín, lẹ́bàá títì níbí ní Nyanya ni mo ti ń rà á, ó máa ń ní igi dóńgóyárò náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orín ṣe yẹ̀yẹ́, láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó jẹ́ àṣà wọn máa lò ó.

Àmọ́ ẹ ò sọ ibi tó yẹ ká ti dúró. Ọmọ àbúrò mi ní Mararaba, ọmọ ọdún mẹ́jọ, akokoro mú un lọ́dún tó kọjá, wọ́n lọ ra àgbo eyín, kànáfùrù ló ń rùn nínú ẹ̀, ọmọ sì sùn lóru ọjọ́ yẹn. Kànáfùrù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, eugenol tó wà nínú ẹ̀ ń mú ibi tó ń dunni kú, àwọn dókítà eyín pàápàá ń pò ó mọ́ ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ ìdí eyín lọ, àgbo téèyàn ń yọ́ lẹ́nu ò lè débẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti san. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú dé abẹ́ ojú, ibà gbé e, kò lè la ẹnu, ọsibítù ni wọ́n ti fa ọyún ẹ̀ tí wọ́n yọ eyín yẹn. Ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Èyí tó tún ń já mi láyà ni àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní noma, tí ọsibítù ẹ̀ wà ní Sókótó. Egbò erìgì ló fi ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ ó lè pa tó 90 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn apakòkòrò àti oúnjẹ tó dáa ń dá a dúró. December 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ayé pa tì. Ta ló máa wá fi ewé pa irú egbò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ?

Mi ò bú egbòogi o. NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí oògùn, tó wà ní Idu níbí fi ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ṣe Niprisan fún àwọn tó ní sickle cell, ọwọ́ onísègùn Yorùbá ni wọ́n sì ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe orín àta àti dóńgóyárò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọn ìwọ̀n ẹ̀ fún wa. Tẹ́ẹ bá tún kọ̀wé lórí ẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà bá dé, tí erìgì ọmọ bá ń jẹrà, kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí àwọn tó ń kọ ti Hausa náà kọ ọ́, torí mállàm mi yẹn ò gbọ́ Yorùbá, òun sì ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ ń sáré bá tí eyín bá ń dùn wọ́n.

Ìyá Ìbejì,
Nyanya, Abuja