Lẹ́tà sí Bàbá mi, lórí àdúrà alẹ́ ọjọ́ kan

Bàbá mi,

Àná la tú ìpàgọ́ kejì ká. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin ló wá sí ti Kwali, ní agbègbè Abuja níbí. Ti ìhà Abaji kò tó bẹ́ẹ̀, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo ká ẹní tán, mo fọ ìkòkò, mo jókòó láti ṣírò owó tó kù, ni mo bá ṣí ìwé kékeré tí ẹ máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ìpàgọ́ sí. Màmá kó o lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìnkú yín. Láti oṣù Kejì tó ti wà lọ́dọ̀ mi, mi ò ṣí i rí.

Ojú ewé tó ṣí ni ti 1991. Orúkọ ọmọ, orúkọ abúlé, orúkọ ìyá. Èyí kì í jẹ ẹ̀wà. Èyí máa ń tọ̀ sórí ẹní, ẹ jí i ní ìdájí. Èyí kò ní bàbá mọ́, ẹ má bi í. Bàbá, ẹ mọ àwọn ọmọ yẹn dọ́kàn! Mo wá orúkọ tèmi níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, ọmọ yín ni mí, kí lẹ fẹ́ kọ mí sílẹ̀ fún? Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá a.

Ẹ rántí ọdún yẹn. Òun ni wọ́n gbé olú ìlú kúrò ní Èkó, nínú oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ní Ògọ́ọ̀sì tí a pàgọ́, ọkọ̀ típà oníyanrìn kò jẹ́ ká fẹsẹ̀ balẹ̀ rìn lójú ọ̀nà Gwagwalada. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ibà gbé mi ṣánlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní kíláàsì ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí, màmá ẹ̀yà Gbagyi tó ń se oúnjẹ fún wa sì ń fi aṣọ tútù nù mí lára. Chloroquine tí wọ́n fún mi ń yún mi káàkiri ara. Mo ń gbọ́ ohùn yín láti òde. Ẹ ń wàásù. Mo ń ka orin tó kù, kí ẹ lè tètè parí.

Ẹ wọlé pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ẹ ní, «Ya Ubangiji, ka warkar da yarinyar nan.» Olúwa, wo ọmọbìnrin yìí sàn. Ẹ ṣe àmín, ẹ jáde.

Ọmọbìnrin yìí, Bàbá. Ẹ ò pe Àbẹ̀kẹ́. Ẹ ò kì mí. Ẹ gbàdúrà fún mi bí ẹ ṣe ń gbà á fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti abúlé tí ẹ ò mọ̀.

Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo ti di míṣọ́nnárì bíi tiyín, ọ̀rọ̀ yìí kò sì kúrò lára mi. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wa nídìí iná? Pé ọdún 1843 ni wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì padà sí Freetown, tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní 1844 fún àwọn ẹrú tí wọ́n tú sílẹ̀. Ẹ máa ń ní Ọlọ́run kò nílò ògbufọ̀. Ẹ máa ń gbé Bíbélì Hausa sókè, ẹ ní 1932 ló tó jáde lódindi, pé ìyà tó jẹ dókítà Miller, míṣọ́nnárì tó túmọ̀ rẹ̀, kò kéré, nítorí pé ó yẹ kí olúkúlùkù gbọ́ Ọlọ́run ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ mí dà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Mo mọ èsì yín. Ẹ ti fi Hausa wàásù fún wákàtí kan, ahọ́n yín kò tíì padà sílé. Ó tún yẹ kí màmá tó jókòó tì mí lè ṣe àmín. Òótọ́ ni. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ fúnra mi láìmọye ìgbà, kò sì dín in kù.

Ẹ má rò pé ìbínú nìkan ló wà lọ́kàn mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa kí àgbẹ̀ «Sannu da aiki» kí n tó béèrè ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó bá gbé túwó pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà síwájú mi ti fún mi ní ohun tó dára jù nílé rẹ̀. Mo rí i lójú mi bí ẹ ṣe ń gbìyànjú láti fi èjìká ru igi bíi ti àwọn obìnrin Gbagyi, tí igi ń já bọ́, tí gbogbo abúlé ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Mi ò rí yín kí ẹ rẹ́rìn-ín báyẹn nílé wa rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí màmá náà. Ó ṣì wà láyé, orúnkún ni kò jẹ́ kó lọ oko mọ́. Mo bi í léèrè alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní ẹ kò sùn. Ó ní ẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì títí ilẹ̀ fi ń mọ́, òjò ń fẹ́ sí yín lára, ẹ ń sọ èdè yín. Mo ní kí lẹ ń sọ? Ó wò mí. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀, ṣé èdè òun ni?

Bàbá, ṣé oríkì mi lẹ ń kì? Àbí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá wa gbé kúlà wá lẹ ń bá jíròrò owó ọkọ̀? Mo ti fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, ọkàn mi ò gbà.

Ẹni tí mi ò bá bi ti lọ, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tó kù fún yín. Nǹkan ò rọrùn. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fi ti ibi tí kò tó igba náírà bọ́ sí 617 ní Abuja ní oṣù Keje ọdún yẹn, owó tí à ń fi ṣe ìpàgọ́ mẹ́rin kò tó méjì mọ́. Ti ojú ọ̀nà Kaduna, a ò tilẹ̀ dá a lábàá. Òbí wo ni mo fẹ́ sọ fún pé kó gbé ọmọ fún mi lójú ọ̀nà yẹn? Ìjọ tó ń ràn wá lọ́wọ́ kọ̀wé pé àwọn máa dín owó kù sí ìlàjì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ máa bá a lọ, wọ́n sì fẹ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ka lẹ́tà náà, ó dá a padà sí ibi tó ti mú un.

Ọmọ-ọmọ yín ọkùnrin wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìlọrin nítorí ilé ìwé. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọlidé yìí, kò wá, èmi náà ò lọ, ìpàgọ́ ni. Lálẹ́ àná ó pè. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí pé, àwọn ọmọ mi ńkọ́, ṣé wọ́n ti lọ sílé? Àwọn ọmọ mi. Òun tí mo bí ló ń béèrè wọn lọ́wọ́ mi.

Mo ní kó jẹ́ kí n gbàdúrà fún un. Mo la ẹnu, ẹ bá mi gbọ́, Hausa ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ó ti mọ́ mi lára láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dákẹ́. Ó ní, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Mo wá pè é ní Àkànní. Ó dákẹ́, ó ní kí n tún un sọ, òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo tún un sọ. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Ìlọrin, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ. Mi ò tíì dá ìjọ lóhùn. Ìwé yín wà nínú báàgì mi, mo sì ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ kan sí ìsàlẹ̀ ojú ewé 1991. Ẹ má bínú pé mo kọ nǹkan sínú ìwé yín.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́