Fúnmi, Iṣẹ́ Kan Náà Ni

Brooklyn, New York

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn gan-an pé ara Màmá ti ń mókun. Bá mi kí wọn dáadáa, kí o sì bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní àwọn àgbà wọ́ọ̀dù yín sọ pé kí o mú ọ̀kan nínú méjì. Wọ́n ní bí o bá ń pariwo ẹ̀tọ́, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ á kórìíra rẹ, o ò sì ní rí nǹkan kan gbà wálé fún àwọn tó dìbò fún ọ. Bí o bá sì fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ jẹ àǹfààní, àfi kí o pa ẹnu mọ́, kí o máa gba ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n bá fún ọ pín. O wá bi mí pé kí ni mo rí sí i.

Mi ò gbà pé ọ̀nà méjì ni. Obìnrin kan wà tó ṣojú apá ibi tí mò ń gbé yìí rí, olùkọ́ bíi tìrẹ, Shirley Chisholm lórúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn rẹ̀ ni mi ò ti gba irú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn gbọ́ mọ́.

Brooklyn níbí ni wọ́n bí i sí ní 1924. Bàbá rẹ̀ wá láti Guyana, ìyá rẹ̀ láti Barbados. Iṣẹ́ aránṣọ àti iṣẹ́ nílé onílé ni ìyá yẹn ń ṣe, rántí èyí dáadáa. Àwọn ọmọ kéékèèké ni Shirley fúnra rẹ̀ ń kọ́ kó tó di pé ó bọ́ sínú òṣèlú. Nígbà tó wọlé sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ New York, kò gbàgbé irú ilé tó ti wá. Ó jà títí tí òfin fi wà pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé onílé lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún wà lára àwọn tó gbé ètò SEEK kalẹ̀, tó ń gbé ọmọ tálákà dé yunifásítì. Ní 1968 ó wọlé sílé aṣojú-ṣòfin ní Washington. Kò tíì sí obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan tó débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà tí mò ń tọ́jú nílé wọn, ọmọ Barbados làwọn náà. Bí mo bá ń fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní kí n wo orúnkún àwọn. Awọ ibẹ̀ ti le, ó sì dúdú ju ibi tó kù lọ, nítorí orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ilẹ̀ ilé àwọn olówó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ kan, dípò owó, kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já ni ìyàwó ilé náà gbé fún wọn, pé òtútù ń bọ̀, kí wọ́n má bínú. Ta ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ sùn? Wọ́n rántí ọkọ̀ ìpolongo Chisholm tó ń gba àdúgbò kọjá pẹ̀lú gbohùngbohùn, obìnrin tínńrín yẹn dúró lórí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tó wá láti Puerto Rico, èdè Spéènì ló fi ń bá wọn sọ ọ́.

Fúnmi, wo ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Washington. Inú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi í sí, wọ́n tún wá sọ ọ́ sí abala igbó àti abúlé. Ẹni tó ń ṣojú Brooklyn! Ìṣe ibẹ̀ ni pé ẹni tuntun kì í sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Kò gbà. Ó dìde níwájú gbogbo aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ àwọn ajagun-fẹ̀yìntì. Ó ní ajagun-fẹ̀yìntì pọ̀ ní ẹkùn òun ju igi lọ. Lọ́dún 1969 yẹn náà, nínú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nílé, ó tako ogun Vietnam, ó ní gbogbo owó tí wọ́n bá fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún ohun ìjà lòun máa dìbò takò, títí wọ́n á fi rántí àwọn aláìní tó wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó mọ iye ọmọ tí ebi ń pa ládùúgbò rẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ọ̀rọ̀ owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé onílé. Láti 1938 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ iye tó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ san fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé onílé àti lóko kúrò. Àwọn iṣẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní ìhà Gúúsù ń ṣe. Chisholm fẹ́ kí wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ilé sí i, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é láìsí ìbò àwọn aṣòfin Gúúsù.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972, òun àti George Wallace, gómìnà Alabama, jọ ń du ipò ààrẹ nínú ẹgbẹ́ kan náà. Wallace yìí ló kéde lọ́jọ́ tó gba ìjọba ní 1963 pé títí ayé ni ìyàsọ́tọ̀ láàárín dúdú àti funfun yóò máa wà. Ẹnì kan yìnbọn fún un ní Maryland, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Chisholm lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn. Ó sọ fún un pé òun ò fẹ́ kí irú ohun tó ṣe é ṣe ẹnikẹ́ni, ọkùnrin náà sì sunkún. Inú bí àwọn èèyàn Brooklyn gan-an! Èmi náà ì bá bínú ká ní mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Chisholm kò tìtorí ìbẹ̀wò yẹn yí ohùn padà lórí ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí àbá owó òṣìṣẹ́ ilé tún dé, Wallace bá àwọn aṣòfin Gúúsù sọ̀rọ̀, wọ́n sì dìbò fún àbá náà. Chisholm fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Nixon ti kọ̀ láti fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní 1973, ní 1974 ó fọwọ́ sí i.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, òfin náà kò pé. Ó yọ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn nínú ilé sílẹ̀, ìyẹn irú àwa wọ̀nyí. Ọdún 2013 ni ìjọba tó kọ ìlànà tó fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa sí i, 2015 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Chisholm ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ 2005. Ètò ìtọ́jú ọmọ tó bá wọn jà fún ní 1971 náà, àwọn aṣòfin gbà á wọlé, Nixon da á nù. Àwọn ìyá tí ètò yẹn ì bá ràn lọ́wọ́ kò rí nǹkan kan gbà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá àwọn àgbà yẹn sọ nìyí: ìyá tó ń kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀ lọ́jọ́ Monday ni Chisholm ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Washington lọ́jọ́ Tuesday. Bí o bá wọlé, ra ìwé kan sílẹ̀, kí o máa kọ ẹjọ́ ẹni tó bá wá bá ọ sínú rẹ̀. Bí opó kan bá wá sọ pé àwọn ẹbí ọkọ ti lé òun jáde, bá a lọ, kí o bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá tún dé, tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹbí nìyẹn. Gbé e lọ sílé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí o sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́. Tìkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún àwọn aláta ọjà yín, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìrẹsì tí wọ́n bá fún ọ, pín in bí ebi bá ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n fi ra ẹnu rẹ.

Ọjọ́ wo ni wọ́n ń dá fọ́ọ̀mù padà? Kọ ọ́ sí mi tó bá ti yé ọ. Mo ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún pósítà, màá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Sọ ohun tí bàbá àwọn ọmọ wí fún mi pẹ̀lú, nítorí o kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bísí