Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Ọ́dítọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín kú ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, mo sì kí àwọn tó ti yege, tí wọ́n ti ń so táì lọ sí ọ́fíìsì ńláńlá. Ẹ kú oríire. Nítorí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò ní kí ẹ ṣe ohun tí ara yín kò gbà ni mo ṣe kọ̀wé yìí.

Ọ̀pọ̀ yín ṣì kéré nígbà tí Arthur Andersen, ilé-iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìwé owó àwọn oníbàárà wò, wó, ẹlòmíràn kò tíì dáyé. Chicago ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1913. Ìtàn tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọṣẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan ní kí Andersen fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìṣirò tí kò tọ́, ó kọ̀ jálẹ̀, oníbàárà náà sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 2001, nǹkan bí 85,000 òṣìṣẹ́ ló ń jẹun níbẹ̀.

Enron, ilé-iṣẹ́ tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná ní Houston, ni oníbàárà wọn. Ní 2000, ó san mílíọ̀nù 25 dọ́là fún àyẹ̀wò ìwé owó, ó tún san mílíọ̀nù 27 fún ìmọ̀ràn àti iṣẹ́ mìíràn. Ta ni yóò bá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ jà? Carl Bass, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ́dítọ̀ wọn, ní ọ̀nà tí Enron ń gbà kọ ìwé owó kò tẹ́ òun lọ́rùn. Enron ráhùn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ wo bí àṣẹ burúkú ṣe ń wọlé. Ní 23 October 2001, SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, ti ń wádìí Enron, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní “ẹ pa ẹ̀rí rẹ́.” Ohun tí ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ Enron ní Andersen sọ ni pé kí gbogbo wọn tẹ̀lé òfin ilé-iṣẹ́ lórí ìwé tí a kò nílò mọ́. Ó dùn létí, àbí? Ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ń pa í-meèlì rẹ́. Ìgbà tí ìwé ìpè SEC dé ni akọ̀wé ọ̀gá yìí wá kọ̀wé sí àwọn akọ̀wé yòókù, ní 9 November, pé kí wọ́n má gé ìwé mọ́.

Ní June 2002, ilé-ẹjọ́ dá Andersen lẹ́bi. Ní 2005, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ náà, àmọ́ ta ni wọ́n fẹ́ dá a padà fún? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí kò fojú kan ìwé Enron rí ti túká. Ẹ̀ka Nàìjíríà pàápàá ti di ara KPMG, ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ mìíràn.

Ẹ má sì rò pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2022, SEC bu owó ìtanràn 100 mílíọ̀nù dọ́là lé EY, ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ńlá mìíràn, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jíwèé wò nínú ìdánwò. Ìdánwò wo? Èyí tó dá lórí ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́!

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ palẹ̀ fáìlì mọ́, tàbí kí ẹ fi ọjọ́ àná sórí iṣẹ́ òní, ẹ má bú u. Ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ àṣẹ yìí sínú í-meèlì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.” Ọ̀pọ̀ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kú sí. Bó bá wá fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ẹ fèsì, ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé Lẹ́kí àti gbèsè mọ́tò wà lọ́rùn rẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ pé “rárá sà”? Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà kí ẹ tó ra mọ́tò. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ dín owó tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ kù.

Èmi ni bàbá yín,
Ọ́dítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ìbàdàn.