Ìkéde fún Tafàtafà Ẹgbẹ́ Wa ní Àgbádárìgì: Ìyẹ́ Ìdí Ọfà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kí yín o. Láti òní lọ, ọfà oníyẹ̀ẹ́ àṣá, idì, igún tàbí odídẹrẹ́ kò gbọdọ̀ wọ pápá wa mọ́. Ẹ má sọ pé ńṣe lẹ ṣà á nílẹ̀. Aṣọ́bodè Sẹ̀mẹ̀ kò lè dá èyí tí ẹ ṣà mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹyẹ tí wọ́n pa. Abẹ́ CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ni gbogbo wọn wà, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń gbé e kọjá ibodè. Ti odídẹrẹ́ ló le jù, láti 2017. Ìkóóde tó wà nílé baba yín, ìyẹn yàtọ̀, ẹ ṣáà má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọfà.

Tòlótòló ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ àwọn tó ń pa á lọ́jà fún ìyẹ́ apá tó gùn. Mẹ́ta ló ń lọ sórí ọfà kan, apá kan náà ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Bí ẹ bá po ọ̀tún mọ́ òsì, ọfà kò ní yí dáadáa. Ẹ fi abẹ la ọ̀pá ìyẹ́ sí méjì, kí ẹ fi sáńpépà ha ìdí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ibi tó bá ṣe gọngọ ni gọ́ọ̀mù ti ń ṣí. Ẹ fi bí íǹṣì kan sílẹ̀ sí ibi tí ọṣán ń wọ̀, kí ìka má baà fà á ya. Èyí tí òjò bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ nà án sí ooru omi híhó díẹ̀, á dìde.