Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ Kì Í Ṣe Pàǹtí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Kí ìjọba má tíì pa ánálọ́ọ̀gì, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí tẹlifíṣọ̀n fi ń gba àwòrán láti ojú afẹ́fẹ́, àfi bí díkódà, àpótí kékeré tó ń tú àmì dígítà fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, bá wà ní iye tí apá mẹ̀kúnnù ká. Láti ọdún 2018 ni ètò dígítà ti dé Òṣogbo, síbẹ̀ àwọn ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá. Irọ́ ni pé kò wúlò mọ́! Bí ihò yẹ́lò, funfun àti pupa bá ti wà lára rẹ̀, wáyà kan ló máa so ó mọ́ díkódà. Òjé, irin olóró, sì wà nínú gíláàsì rẹ̀. Ta ló fẹ́ ìyẹn lórí ààtàn àdúgbò?

Atẹlifíṣọ̀nṣe, Òṣogbo