Ẹ Kọ Ọjọ́ Mọ́ Ibùdó Kọ̀ọ̀kan Lórí Máàpù Rédíò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín nílé àti lẹ́yìn odi. Láti ìgbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun ti já ní apá Côte d'Ivoire lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà, ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ilé ń béèrè bóyá ènìyàn lè fi rédíò so àdúgbò kan mọ́ òmíràn láì gbára lé iléeṣẹ́ kankan. Ó ṣeé ṣe. Àwa onírédíò tí a gba ìwé àṣẹ fún ìfẹ́ iṣẹ́ náà, tí a kì í gba owó lórí rẹ̀, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní ham, ti ń ṣe é ní gúúsù Kalifọ́níà níbí lábẹ́ ètò tí à ń pè ní AREDN. Bí a ṣe ń kọ́ ọ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí àlàyé ìyẹn pọ̀ káàkiri. Ọ̀rọ̀ máàpù ni mo bá wá, ìyẹn máàpù tí ó ń fi ibi tí ibùdó kọ̀ọ̀kan wà hàn. Òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, òun sì ni ohun tí wọ́n ń rántí tọ́jú kẹ́yìn. Èrò mi ni pé máàpù tí kò bá kọ ọjọ́ tí wọ́n gbúròó ibùdó kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn sí i lábẹ́, ẹ̀tàn ni, bó ti wù kí ó rẹwà tó.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ráńpẹ́. A máa ń ra irú àwọn ráútà tí Ubiquiti, MikroTik, TP-Link àti GL.iNet ń ṣe, a ó yọ sọ́fítíwíà tí ó bá wọn wá kúrò, a ó sì fi ti AREDN sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e sórí òrùlé, òpó tàbí òkè, níbi tí ó ti lè máa gbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ráútà kọ̀ọ̀kan tí a gbé kalẹ̀ báyìí ni à ń pè ní ibùdó. Àwọn ráútà yìí máa ń wá ara wọn rí, bí ọ̀nà kan bá sì dí, wọn a gba ọ̀nà mìíràn. Orí wọn ni a ti ń fi fóònù pe ara wa, tí a ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, tí a sì ti ń wo kámẹ́rà orí òkè, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àmì ìpè tí ìjọba fún olówó ibùdó máa ń wà nínú orúkọ ibùdó náà, torí òfin FCC, àjọ tí ó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, ní kí onírédíò máa sọ ẹni tí òun jẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin ìṣẹ́jú 10.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ráútà wọ̀nyí kò ní GPS, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ìlà ìbú àti ti ìlà òró tí olówó wọn bá tẹ̀ sí wọn ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọn yóò sì máa sọ fún ayé títí láé. Ẹni tí ó bá tẹ òdo sí méjèèjì ti ri ibùdó rẹ̀ sínú òkun ní gúúsù Ghana, nítorí ibẹ̀ ni ìlà òdo méjèèjì ti pàdé. Los Angeles wà ní 34.05 àti -118.25, ẹni tí ó bá gbàgbé àmì àyọkúrò kékeré yẹn ti gbé ibùdó rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Jiangsu ní Ṣáínà. Àwọn ará ilé pàápàá yóò pàdé tiwọn. Èkó wà ní nǹkan bí 6.5 àti 3.4. Bí àmì àyọkúrò tí kò yẹ bá bọ́ síwájú 3.4, ibùdó ti dé Côte d'Ivoire. Bí wọ́n bá sì gbé nọ́ńbà kejì síwájú èkíní, ó di inú òkun ní ìsàlẹ̀ Niger Delta. Tilé yìí tilẹ̀ le ju tiwa lọ, nítorí pé ìlà ìbú kì í kọjá 90, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ̀ jálẹ̀ bí mo bá fi 118 sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan tí yóò fi fura sí ẹni tí ó fi 3.4 sí àyè 6.5.

Síbẹ̀, àṣìṣe ibi wíwà kì í pẹ́ kó tó hàn, nítorí pé ó ń pani lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ọjọ́ ni kì í hàn. Gbogbo ibùdó AREDN ló ní ojú ewé kan, sysinfo.json, tí kọ̀ǹpútà lè kà: orúkọ rẹ̀, ibi tí ó sọ pé òun wà, irú ráútà tí ó jẹ́, sọ́fítíwíà tí ó wà nínú rẹ̀, àti bí ó ti pẹ́ tó tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láìkú. Ètò tí ó ń ya máàpù máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ibùdó kan, á béèrè àwọn tí ibùdó náà mọ̀, á bẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún béèrè tiwọn, títí tí yóò fi yí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká. Èyí tí ó bá dáhùn lónìí, a mọ̀ pé ó wà láàyè lónìí. Èyí tí kò dáhùn ńkọ́? Àwọn máàpù kan a pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Méjèèjì ni mo lòdì sí. Ibùdó orí òkè tí ó ń jẹ iná sólà lè kú lóru ìgbà òtútù nígbà tí bátìrì bá tán, kí ó sì jí nígbà tí oòrùn bá yọ lọ́jọ́ kejì. Bí a bá ti pa á rẹ́, ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò kọ ojú áńténà rẹ̀ sí kò ní mọ̀ pé ẹnìkan wà lórí òkè náà. Bí a bá sì fi ibùdó tí ó ti kú tipẹ́ sílẹ̀ láìyí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹni náà yóò ra òpó, yóò gun òrùlé, yóò kọjú sí òkè tí kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Mo mọ ẹni tí ó fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣòfò báyìí, tí ó sì gbà pé ráútà òun ló bàjẹ́. Tèmi ni pé kí àwọ̀ ibùdó yí padà bí a kò bá gbọ́ ọ fún wákàtí kan, kí ó tún yí padà lẹ́yìn ọjọ́ kan, kí èyí tí ó bá sì dákẹ́ fún oṣù 3 bọ́ sí abala ọ̀tọ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ lè ṣí wò. Pípa rẹ́ kò sí níbẹ̀, àyàfi bí olówó rẹ̀ bá sọ pé òun ti tú u palẹ̀.

Ìlà tí máàpù ń fà láàrin ibùdó méjì gba ìṣọ́ra ju ibùdó fúnra rẹ̀ lọ. Ní ìgbì 5.8 GHz, kò tó kí ojú rí ojú; rédíò nílò àyè yí ìlà náà ká. Bí ibùdó méjì bá fi kìlómítà 10 jìnnà síra, àyè yìí fẹ̀ tó mítà 11 lókè àti nísàlẹ̀ ìlà náà ní agbedeméjì ọ̀nà, a sì máa ń fẹ́ kí ìdá 60 nínú 100 rẹ̀, ó kéré tán, wà láìsí ìdíwọ́. Igi tí ó ń ga sí i lọ́dọọdún yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ilé alájà tuntun sì lè dí i pa láàrin oṣù mélòó kan. Kọ̀ǹpútà lè sọ fún wa pé ìsopọ̀ náà ti rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé igi yukalíptọ́ọ̀sì kan ló fà á. Bí áńténà ti ga tó lóòótọ́, ibi tí ó kọjú sí lẹ́yìn tí ìjì ti fẹ́ ẹ, ohun tí ó wà láàrin, ènìyàn ló ní láti lọ wò wọ́n kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó lọ wò wọ́n. Àkọsílẹ̀ gíga áńténà tí kò ní ọjọ́ kò wúlò fún mi, nítorí n kò mọ̀ bóyá kí ìjì tó jà ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn onírédíò Jámánì àti àwọn aládùúgbò wọn gba ọ̀nà mìíràn. HAMNET ni wọ́n ń pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, wọ́n sì ní àkójọ kan tí ó ń jẹ́ HAMNETDB, níbi tí àwọn alámòójútó ti ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ibùdó, nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (àdírẹ́sì IP) àti ibi tí ó so mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ a máa gbó bí alámòójútó bá ṣe ọ̀lẹ, èyí kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ tí ó ń bójú tó àwọn nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 44, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa ham lágbàáyé, ta ìdá kan nínú mẹ́rin wọn fún Amazon, nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì ń lò fún HAMNET sì bọ́ sínú ìpín tí wọ́n tà. Wọ́n ní láti kó lọ sórí nọ́ńbà tuntun. Ẹ fojú inú wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò mọ iye ibùdó tí òun ní, tí kò sì mọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ níbí pé kí ẹ̀rọ máa ya gbogbo máàpù fúnra rẹ̀. Kí ẹ̀rọ kọ ohun tí ó gbọ́, kí ènìyàn kọ ohun tí ó rí, kí ẹnìkan má sì pa tẹnìkejì rẹ́.

Ohun kéékèèké wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ráútà tí a bá pààrọ̀ lè gba orúkọ tuntun kí ti àtijọ́ sì wà lórí máàpù síbẹ̀, ibùdó kan á wá di méjì. Èyí tí ènìyàn ń gbé kiri nínú ọkọ̀ máa ń sọ pé òun wà nílé olówó òun, èyí tí wọ́n sì ń dán wò lórí tábìlì máa ń hàn bí ojúlówó. Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ orúkọ, "alágbèéká" tàbí "ìdánwò", ti tó fún wọn.

Nígbà mìíràn, òfin ló ń sọ máàpù di ti àná. FCC pàṣẹ pé kí àwọn onírédíò ham kúrò lórí ìgbì tí ó wà láàrin 3.45 àti 3.5 GHz kí ó tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2022. Bí máàpù bá ṣì ń fi ibùdó kan hàn níbẹ̀ lónìí, ó lè jẹ́ pé máàpù ló gbó, ó sì lè jẹ́ pé olówó ibùdó ń rú òfin. Láìsí ọjọ́ lábẹ́ rẹ̀, a kò lè mọ èyí tí a ó fi kan ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ikú náà wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń tọ́jú àwọn ibùdó orí òkè ti dàgbà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá papò dà, ráútà rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ pẹ̀lú àmì ìpè olóògbé, kò sì ní sí ẹni tí ó mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ géètì. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní mọ ohun tí àpótí funfun yẹn jẹ́. Gbogbo ibùdó tí ó bá gbé ẹrù àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ẹni méjì tí àkójọ mọ̀ sí alámòójútó rẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lọ́dọọdún bóyá wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé máàpù tí ó bá péye jù yóò fọ̀nà han olè. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ahesọ, pàápàá nílé, níbi tí páànẹ́lì sólà àti bátìrì ti lówó lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà tí kì í ṣe irọ́. Àwa ham ti ní ètò àpótí-àpótí tí a fi pín gbogbo ayé: Èkó wà nínú JJ16, Ìbàdàn wà nínú JJ17, bí a bá sì fi lẹ́tà méjì kún un, àpótí náà á kù sí nǹkan bí kìlómítà 9 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn àti 4.6 láti àríwá dé gúúsù. Kí máàpù gbogbo ayé fi àpótí hàn, kí ó sì sọ pé àpótí ni. Kí ibi pàtó wà lọ́wọ́ àwọn alámòójútó. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ sún ibùdó rẹ̀ sí òpópónà kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí ó bá fi ibi irọ́ yẹn ṣírò ọ̀nà rédíò rẹ̀ yóò ṣe àṣìṣe.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé yóò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn, yóò sì rí i dájú pé ìgbì tí ó fẹ́ lò wà nínú àṣẹ náà, torí ohun tí Amẹ́ríkà gbà láyè lè máà rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìbàdàn ní òkè tí ó wúlò, Òkè Àrẹ àti Òkè Mápó nínú wọn, bí àwọn tí ó ni àṣẹ lórí wọn bá fọwọ́ sí i. Bí ibùdó bá ṣì jẹ́ mẹ́ta péré, ẹ ti ya àyè ọjọ́ sínú àkójọ yín, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ̀rọ gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, ọ̀kan fún ìgbà tí ènìyàn fojú rí i gbẹ̀yìn; fífi wọ́n kún un nígbà tí ibùdó bá ti di 200 jẹ́ ìyà tí àwa níbí ń jẹ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ onírédíò tí ó bá ń pàdé lórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè yọ ìṣẹ́jú 5 nínú ìpàdé náà láti ka orúkọ àwọn ibùdó tí ọjọ́ wọn ti pẹ́ jù, kí ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn sọ ọjọ́ tí òun yóò lọ wò ó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Los Angeles, Kalifọ́níà